Bí laptop ìṣòwò yín bá kọṣẹ́: Ohun tó yẹ kí ẹ ṣe kí ẹ tó gbé e fún ẹnjiníà

Láyé àtijọ́, inú ìwé pélébé ni oníṣòwò máa ń kọ gbèsè sí, abẹ́ tábìlì ló sì máa ń tọ́jú ìwé náà sí. Lóde òní, inú laptop ni ọ̀pọ̀ wa kó gbogbo rẹ̀ sí: orúkọ àwọn oníbàárà, iye tí wọ́n jẹ, àwòrán ọjà, ìwé owó-orí, àti iṣẹ́ tí ẹni tó fẹ́ ṣe ìnáwó ní ká bá òun tẹ̀. Lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ yìí bá kọ̀ tí kò tan mọ́, iṣẹ́ dúró nìyẹn. Kì í ṣe owó àtúnṣe nìkan ló sì máa lọ sí i. Iye ọjọ́ tí ẹ̀rọ náà máa lò lọ́wọ́ ẹnjiníà, oníbàárà tó máa gba ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíràn lọ, àti àkọsílẹ̀ tó lè ṣòfò pátápátá, gbogbo rẹ̀ ló wà nínú ìṣirò.

Ohun tó ń dun àwọn èèyàn jù ni pé ẹ̀rọ tí wọ́n gbé lọ nítorí àìsàn kékeré máa ń padà dé pẹ̀lú àìsàn ńlá. Wọ́n á ní "ẹ padà wá lọ́la", ọ̀la náà á di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. A ò sọ pé gbogbo ẹnjiníà ló ń rẹ́ni jẹ o. Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà dunjú pọ̀ láàárín wọn. Ṣùgbọ́n ohun tó ń jẹ́ kó rọrùn láti rẹ́ni jẹ ni pé, bí wọ́n bá bi ẹni tó ni ẹ̀rọ pé kí ló ṣe é, "kò tan" nìkan ló mọ̀ ọ́n sọ. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí oníṣòwò mọ ìwọ̀nba díẹ̀ nípa ẹ̀rọ tó fi ń jẹun.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tó ń ṣe é

"Kò tan" kì í ṣe àìsàn kan ṣoṣo. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ara ṣájà, torí òun ló máa ń bàjẹ́ jù, òun náà ló sì rọrùn jù láti dán wò. Ẹ yá ṣájà mìíràn tó bá ẹ̀rọ yín mu. Nọ́ńbà tó wà níwájú lẹ́tà V lára rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ti tiyín mu, èyí tó wà níwájú lẹ́tà A sì gbọ́dọ̀ tó ti tiyín tàbí kó jù ú lọ. Bó bá jẹ́ pé ẹ ní láti yí wáyà sọ́tùn-ún sósì kí iná tó wọlé, ojú ihò tí ṣájà ń wọ̀ ló ti yẹ̀ tàbí ló ti jó. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, iṣẹ́ kékeré lèyí.

Bí ṣájà bá dáa tí kò sì tan síbẹ̀, ẹ yọ ṣájà náà kúrò. Bó bá jẹ́ irú ẹ̀rọ tí bátìrì rẹ̀ ṣeé yọ láti ìta, ẹ yọ ọ́. Ẹ wá tẹ bọ́tìnnì tí a fi ń tan ẹ̀rọ mọ́lẹ̀ fún nǹkan bí 30 ìṣẹ́jú àáyá, kí ẹ sì fi ṣájà nìkan tàn án. Iná tó há sínú ẹ̀rọ ni èyí máa ń lé jáde. Ọ̀pọ̀ laptop tí wọ́n ti ní ó kú ló ti jí nípa ọ̀nà yìí, láìná kọ́bọ̀.

Bí iná bá tàn tí fáànù sì ń yí, àmọ́ tí ojú rẹ̀ ṣókùnkùn, ẹ fi wáyà HDMI so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Bí àwòrán bá yọ lórí tẹlifíṣọ̀n, inú ẹ̀rọ yẹn ṣì yè. Ojú rẹ̀ tàbí wáyà tó gba ẹnu ìdè ìdérí rẹ̀ kọjá ló ní ìṣòro. Ẹ fi èyí sọ́kàn dáadáa. Bí ẹnì kan bá ní motherboard ló jó, ẹ sọ fún un pé ẹ ti rí àwòrán lórí tẹlifíṣọ̀n.

Bó bá ń kú fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú mélòó kan, tí ìdí rẹ̀ ń gbóná tí fáànù sì ń pariwo, eruku ló sábà máa ń fà á, pàápàá lẹ́yìn ọyẹ́. Kí wọ́n fọn eruku inú rẹ̀ dànù, kí wọ́n sì fi ọ̀rá tuntun pa orí ẹ̀yà tó ń gbóná náà. Kò yẹ kó gba ọjọ́ méjì.

Bó bá ń ké kan-kan-kan, tàbí tí iná kan ń ṣẹ́jú léraléra nígbà tí ẹ bá tàn án, ẹ ka iye ìgbà tó ń ṣe bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Èdè tí ẹ̀rọ náà fi ń sọ ibi tó ń dùn ún nìyẹn, àwọn tó ṣe é sì ti kọ ìtumọ̀ rẹ̀ sínú ìwé wọn. Bí HP bá ṣì ń tan, ẹ tẹ F2 bí ẹ bá ṣe ń tàn án. Bó bá jẹ́ Dell, ẹ tẹ F12. Ẹ máa rí ibi tí ẹ̀rọ ti lè yẹ ara rẹ̀ wò. Ẹ ya àwòrán èsì rẹ̀.

Àìsàn méjì tí kò gba àfira

Èkínní ni hard disk. Irú ti àtijọ́ ní àwo tó ń yí àti abẹ́rẹ́ tó ń kà á. Bí ẹ bá ń gbọ́ ìró bí ìgbà tí èèyàn ń ta èékánná, tàbí tí ẹ̀rọ ń falẹ̀ gan-an tí fáìlì sì ń pòórá, ẹ má tún un tàn lẹ́ẹ̀mẹ́wàá láti wò ó bóyá ó ti dáa. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá tàn án ló lè máa ha àwo náà sí i. Ẹ pa á, kí ẹ sì sọ fún ẹnjiníà pé àkọsílẹ̀ inú rẹ̀ lẹ kọ́kọ́ fẹ́, kí wọ́n tó ṣe ohunkóhun mìíràn. Irú tuntun tí wọ́n ń pè ní SSD kò ní ohun tó ń yí. Ó yára, ìjábọ́ ò sì tètè ṣe é, ṣùgbọ́n ó lè kú lójijì láìkìlọ̀.

Èkejì ni bátìrì tó bá wú. Bí ìdí ẹ̀rọ bá yọ gọngọ tàbí tí ibi tí ẹ ń gbọ́wọ́ lé bẹ̀rẹ̀ sí í ga sókè, ẹ má ṣe sọ ọ́ mọ́ iná mọ́. Bátìrì lithium lè gbiná. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2006, ilé-iṣẹ́ Dell pe bátìrì tó tó mílíọ̀nù mẹ́rin ó lé díẹ̀, tí Sony ṣe, padà nítorí pé àwọn kan lára wọn ń gbóná jù tí wọ́n sì ń gbiná. Ẹnikẹ́ni tó bá ní òun á gún irú bátìrì bẹ́ẹ̀ kó lè rọlẹ̀, ẹ sá fún un.

Nígbà tí wọ́n bá ní motherboard ni

Motherboard ni pátákó ńlá tí gbogbo ẹ̀yà ara ẹ̀rọ so mọ́. Òótọ́ ni pé ó máa ń bàjẹ́, pàápàá bí iná bá wọlé lójijì pẹ̀lú agbára tàbí tí omi bá dà sí i. Ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ náà ló yá lẹ́nu jù nígbà tí wọ́n bá fẹ́ gba owó ńlá. Ẹ ní kí wọ́n fi ibi tó jó hàn yín, kí ẹ sì béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe sí i.

Ọ̀nà kan wà tó yẹ kí ẹ mọ̀. Ní oṣù keje ọdún 2008, ilé-iṣẹ́ Nvidia kéde pé òun ya mílíọ̀nù 150 sí 200 dọ́là sọ́tọ̀ nítorí pé àwọn ẹ̀yà kan tó ń gbé àwòrán jáde nínú laptop ń bàjẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Ohun èlò tí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ ò lágbára tó. Bó bá ti ń gbóná tó sì ń tutù léraléra, á sán. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi afẹ́fẹ́ gbígbóná jó irú ẹ̀yà bẹ́ẹ̀ kó lè padà ṣiṣẹ́. Ẹ̀rọ á tàn lóòótọ́, inú yín á dùn, ẹ á sanwó. Ṣùgbọ́n ó sábà máa ń tún kú láàárín ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù díẹ̀, torí ẹ̀yà tó ti sán yẹn náà ló ṣì wà níbẹ̀. Nítorí náà, ẹ béèrè: "Ṣé ẹ fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀ ni, àbí ẹ fẹ́ jó o lásán?" Owó méjèèjì ò gbọ́dọ̀ dọ́gba.

Kí ẹ̀rọ tó kúrò lọ́wọ́ yín

Bó bá ṣì ń tan, ẹ da àkọsílẹ̀ yín kọ síbòmíràn. Ẹ yọ fíláàṣì àti káàdì tó bá wà lára rẹ̀. Ẹ kọ nọ́ńbà ìdánimọ̀ tó wà ní ìdí rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì ya àwòrán gbogbo ara rẹ̀. Ẹ kọ iye RAM àti bí hard disk rẹ̀ ṣe tóbi tó. Ẹ̀rọ tó wọlé pẹ̀lú RAM 8GB lè jáde pẹ̀lú 4GB, bí kò bá sì sí àkọsílẹ̀, ẹjọ́ kò sí. Bó bá jẹ́ ojú ẹ̀rọ tàbí ihò ṣájà ni wọ́n fẹ́ tún ṣe, kò sí ìdí tí ẹnjiníà fi gbọ́dọ̀ mọ ọ̀rọ̀ aṣínà yín. Ẹ lè ní kí wọ́n yọ hard disk náà fún yín kí ẹ gbé e lọ sílé.

Nínú ọjà kọ̀ǹpútà tó wà ní Otigba, n'Ìkẹjà, ẹni tó pè yín lójú títì lè má jẹ́ ẹni tó máa tú ẹ̀rọ yín. Ó lè gbé e fún ẹlòmíràn, onítọ̀hún náà á sì gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ní irinṣẹ́. Olúkálukú wọn á gbé owó tirẹ̀ lé e. Nítorí náà, ẹ wá ṣọ́ọ̀bù tó ní àdírẹ́sì, kí ẹ sì ní kí wọ́n tú ẹ̀rọ náà lójú yín bó bá ṣeé ṣe.

Ẹ gba ìwé lọ́wọ́ wọn. Kí ìwé náà sọ ohun mẹ́fà yìí: àìsàn tí ẹ gbé wá, iye tí wọ́n fẹ́ gbà láti yẹ̀ ẹ́ wò, kódà bí ẹ ò bá tún un ṣe, iye àtúnṣe, àti pé wọn ò ní fi kún un láìpè yín, bóyá tuntun ni ẹ̀yà tí wọ́n fẹ́ fi sí i tàbí tòkunbọ̀, ọjọ́ tí yóò jáde, àti iye ọjọ́ tí wáráńtì iṣẹ́ náà máa gbà. Ẹ má san gbogbo owó tán ṣáájú. Bí ẹ bá sì lọ gbà á, ẹ ní kí wọ́n kó ẹ̀yà àtijọ́ tí wọ́n yọ fún yín, kí ẹ sì lò ó níbẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ẹ tó kúrò.

Ṣé kí a tún un ṣe, àbí ká ra òmíràn?

Ẹ ṣírò rẹ̀ báyìí. Ká ní irú laptop yẹn, tòkunbọ̀ tó dáa, ń lọ ní N200,000, tí wọ́n sì ní àtúnṣe jẹ́ N90,000. Ó dà bíi pé àtúnṣe ló pọ́n ọn lé. Ṣùgbọ́n bó bá máa wà lọ́dọ̀ wọn fún ọjọ́ mẹ́wàá, tí ẹ sì ń pàdánù èrè N6,000 lójúmọ́, N150,000 ni yóò ná yín lápapọ̀, lórí ẹ̀rọ tó ti gbó. Bí owó àtúnṣe àti ti ọjọ́ tó ṣòfò bá ti kọjá ìdajì owó òmíràn, ẹ rò ó dáadáa.

Bí ẹ bá sì fẹ́ ra tòkunbọ̀, ẹ rántí pé láti ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni Microsoft ti fòpin sí àtìlẹ́yìn ọ̀fẹ́ tó ń ṣe fún Windows 10. Ẹ béèrè bóyá ẹ̀rọ náà lè gba Windows 11. Lára àwọn tó ń lo Intel Core, ìran kẹjọ sókè ni Microsoft fọwọ́ sí ní gbogbogbòò.

Bí wọ́n bá rẹ́ yín jẹ

Òfin tó ń dáàbò bo oníbàárà ní Nàìjíríà, tí wọ́n ṣe lọ́dún 2018, ní kí ẹni tó ń ta ọjà tàbí tó ń ṣiṣẹ́ fún èèyàn sọ iye rẹ̀ síta, kó fún oníbàárà ní ìwé ẹ̀rí, kó má sì pe ohun tí wọ́n ti lò rí ní tuntun. Àjọ FCCPC ló ń bójú tó o. Ìpínlẹ̀ Èkó náà ní àjọ tirẹ̀, LASCOPA. Ẹ kọ́kọ́ kọ lẹ́tà sí ṣọ́ọ̀bù náà, kí ẹ fún wọn ní ọjọ́ tí wọ́n gbọ́dọ̀ dáhùn, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀. Bí wọn ò bá dáhùn, ẹ gbé e lọ síwájú àjọ náà. Bó bá jẹ́ owó kan pàtó lẹ fẹ́ gbà padà, Èkó dá ilé-ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ gbèsè kéékèèké sílẹ̀ lọ́dún 2018, fún owó tí kò ju mílíọ̀nù márùn-ún náírà lọ, kí ẹjọ́ lè parí láàárín ọgọ́ta ọjọ́. Ẹni tó fẹ́ pẹjọ́ níbẹ̀ lè ṣe é láìgba lọ́yà. Rìsíìtì àti ìwé àdéhùn yín ni yóò bá yín sọ̀rọ̀ níbẹ̀.

Ọ̀nà kan ò wọjà

Ẹ̀rọ tó ń lo iná orílẹ̀-èdè yìí máa kú lọ́jọ́ kan. Ohun tó wà lọ́wọ́ yín ni kí òkú rẹ̀ má di òkú ìṣòwò. Ẹ lo UPS tàbí sítébiláísà, kí ẹ sì yọ ṣájà nígbà tí wọ́n bá ń yí iná láti jẹnẹrétọ̀ sí ti ìjọba. Ẹ má gbé laptop lé orí ibùsùn tàbí tìmùtìmù, torí ibi tó ń mí sí á dí.

Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ ní ẹ̀dà mẹ́ta gbogbo àkọsílẹ̀ tó ṣe pàtàkì: ọ̀kan nínú laptop, ọ̀kan lórí hard disk ìta, ọ̀kan níbi tó jìnnà sí ṣọ́ọ̀bù, bóyá lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ mú ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ tí ẹ ó máa ṣe é, bí àpẹẹrẹ ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá ti ṣírò owó. Kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Oníṣòwò tó bá ní ẹ̀dà lè fi sùúrù wá ẹnjiníà tó mọṣẹ́. Ẹni tí kò ní, iye tí wọ́n bá pè ni yóò san.