ẸGBA KÌ Í WO BÁRAKÚ SÀN

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ gbọ́ ná! Bí ọmọ bá ń gbé tramadol mì bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà, kí làwa òbí máa ń ṣe? A ó nà án. Bí ẹgba ò bá ràn án, a ó tì í mọ́lé, àwọn mìíràn a tilẹ̀ fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ dè é. Ìfẹ́ la fi ń ṣe é, ṣùgbọ́n ikú ń bẹ níbẹ̀ o!

Tramadol àti kodíìnì inú oògùn ikọ́, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n pẹ̀lú heroin. Bí ó bá ti di bárakú, ọjọ́ tí ẹni náà kò bá rí i lò, ara rẹ̀ á máa gbọ̀n, á máa bì, á máa ṣu, oorun á dá lójú rẹ̀. Agídí kọ́, àìsàn ni. Bí a bá tì í mọ́lé lóṣù kan, ara rẹ̀ á gbàgbé oògùn, ọkàn rẹ̀ ò ní í gbàgbé. Bó bá jáde tó lo iye tó ń lò tẹ́lẹ̀, èémí lè dúró. Ó parí nìyẹn!

Bẹ́ẹ̀, ìtọ́jú wà. Dókítà lè máa wọn methadone tàbí buprenorphine fún un, kí ara rẹ̀ lè rọlẹ̀, kó lè ríṣẹ́ ṣe. Láti 2005 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ka méjèèjì mọ́ oògùn kòṣeémánìí.

Ìwádìí UNODC fi hàn pé ní 2017, nǹkan bíi mílíọ̀nù 4.6 ọmọ Nàìjíríà lo irú oògùn yìí lọ́nà àìtọ́. Nínú àwọn tí oògùn ti dà láàmú gan-an, bíi 40 nínú 100 ló fẹ́ ìtọ́jú tí wọn ò rí i. Owó ni, ìtìjú ni, ọ̀nà jíjìn ni. Òótọ́ ni pé Àrò l'Abẹ́òkúta ń tọ́jú bárakú, àmọ́ ẹni tó wà ní Kíṣí ńkọ́? Ní May 2018, ìjọba fòfin de oògùn ikọ́ oníkodíìnì. Ó dáa, ṣùgbọ́n òfin ò wo ẹni tó ti wà nínú rẹ̀ sàn.

Ẹ wo ilẹ̀ Faransé. Láti 1995 ni wọ́n ti gba dókítà àdúgbò láyè láti fúnni ní buprenorphine. Láàárín ọdún mẹ́rin, iye àwọn tí àlòjù oògùn ń pa fi ju ìdajì lọ dín kù.

Ìjọba, ẹ gbé ìtọ́jú dé ilé ìlera alábọ́dé! Òbí, ẹ ju ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ nù, ẹ mú ọmọ lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ẹ̀yin náà ńkọ́, kí lẹ rí sí i? Ẹ kọ̀wé sí wa.