Wọ́n sọ ọ́ ní Àkàndé Ògúndìmú, àmọ́ wọn ò fún un lẹ́wù! Aṣọ inú géèmù dá ìyàn sílẹ̀

Ẹ bi ará Ayépé tó bá ti ń lọ sí Ojúde Ọba n'Ìjẹ̀bú-Òde lọ́jọ́ kẹta Iléyá, yóò sọ fún yín pé ọ̀rọ̀ aṣọ kì í ṣọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Ọdọọdún làwọn régbérégbé ń pààrọ̀ ohun tí wọ́n ń wọ̀, ọdọọdún náà làwọn èèyàn sì ń dá wọn lẹ́jọ́: àwọn wọ̀nyí múra ju tèṣí lọ, àwọn tọ̀hún ba tiwọn jẹ́. Ẹ̀yin èèyàn wa, irú ẹjọ́ yìí gan-an làwọn tó ń gbá géèmù káàkiri ayé ń bára wọn rò bí apá tuntun géèmù kan bá ti jáde. Ẹni tí wọ́n mọ̀ tẹ́lẹ̀ ti wọ aṣọ mìíràn dé, làwọn kan bá ní ó dáa, táwọn mìíràn ní wọ́n ti ba ọ̀rẹ́ àwọn jẹ́.

Ẹ wo ti Dante, inú Devil May Cry. Irun funfun ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n. Lọ́dún 2010 tí Capcom gbé àwòrán rẹ̀ tuntun jáde, tó ti di onírun dúdú tó rí bí ọmọ ìta, ńṣe làwọn olólùfẹ́ ẹ̀ fárígá. Géèmù ọ̀hún jáde lọ́dún 2013, ariwo ò tán. Nígbà tí Devil May Cry 5 fi máa dé lọ́dún 2019, irun funfun ti padà sórí Dante.

Tàwọn obìnrin ló tún le jù. Mortal Kombat tọdún 2011 fẹ́rẹ̀ẹ́ má fi nǹkan kan sára Kitana àti Mileena. Nígbà tó fi di Mortal Kombat 11 lọ́dún 2019, wọ́n ti daṣọ bò wọ́n. Ìjà dé! Àwọn kan ní wọ́n ti bu adùn géèmù náà kù, àwọn mìíràn ní ta ló ń wọ pátá lọ sójú ogun? (Ìbéèrè gidi nìyẹn o!) Kódà lọ́dún 2019 yẹn náà, Tetsuya Nomura tó ń darí Final Fantasy VII Remake ṣàlàyé pé ẹ̀ka tó ń rí sí ohun tó tọ́ nílé iṣẹ́ àwọn ló ní káwọn di àyà Tifa dáadáa, kó má baà máa rí bákan tó bá ń jà.

Àmọ́ ibi tọ́rọ̀ ti kàn wá ò sí lára pátá. Ẹ wo àwọn tí wọ́n dá bí ẹ̀yà tiwa. Elena, ọmọ Kẹ́ńyà tó bá Street Fighter III dé lọ́dún 1997, bíkínì funfun ló fi ń jà. Eddy Gordo ńkọ́, aláwọ̀ dúdú ọmọ Brazil inú Tekken 3, tẹ́ni tí ò mọ páàdì í tẹ̀ fi ń lu ọ̀gá? Nígbà tí Tekken 4 dé, wọ́n gbé Christie Monteiro sípò ẹ̀, wọ́n wá sọ Eddy fúnra rẹ̀ di ọ̀kan lára aṣọ tí Christie lè pààrọ̀ sí. Ẹ gbọ́ ná, odidi èèyàn di aṣọ!

Èyí tó wá jẹ́ tiwa pátápátá ni Àkàndé Ògúndìmú, tí ìnagijẹ rẹ̀ ń jẹ́ Doomfist, nínú Overwatch tí Blizzard ti Amẹ́ríkà ṣe. Oṣù keje ọdún 2017 ló wọ inú géèmù náà. Ọmọ Nàìjíríà ni wọ́n pè é, ọmọ olówó sì ni, torí ìtàn rẹ̀ ní ìdílé rẹ̀ ló ni ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ọwọ́ àti ẹsẹ̀ àtọwọ́dá. Kí ni wọ́n wá wọ̀ fún ọmọ olówó? Àyà lásán, ẹfun lára, irin ńlá lọ́wọ́ kan. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé bọ́mọ olówó Ìjẹ̀bú ṣe ń jáde nìyẹn? Nígbà tí Overwatch 2 dé lóṣù kẹwàá ọdún 2022, wọ́n tún ìmúra rẹ̀ ṣe, wọ́n sì pààrọ̀ iṣẹ́ rẹ̀ lójú ìjà, àmọ́ agbádá kọ́ ni wọ́n gbé wọ̀ ọ́.

Ẹni tó bá ní jagunjagun ò lè wọ agbádá, kó lọ wo àwọn ìdílé Balógun lórí ẹṣin l'Ójúde Ọba. Lọ́dún 2024, Farooq Oreagba gun ẹṣin jáde níbẹ̀, tòun ti dígí dúdú àti tátúù lára, fọ́tò ẹ̀ sì gba gbogbo ayé kan. Kò bọ́ra síhòòhò kó tó dẹni tí wọ́n ń wò.

Àwọn tó ń rán aṣọ bọ́ọ̀lù tiẹ̀ ti gbọ́n ju àwọn onígéèmù lọ. Aṣọ Super Eagles tọdún 1994 ni Nike wò kó tó ya tọdún 2018, àwọn NFF sì ní mílíọ̀nù mẹ́ta ni wọ́n ti bèèrè kó tó jáde. Lọ́jọ́ kìíní oṣù kẹfà tí wọ́n tà á, àwọn èèyàn tò lọ rẹrẹẹrẹ níwájú ṣọ́ọ̀bù Nike ní Lọ́ńdọ̀nù.

Owó tún wà níbẹ̀. Láyé Tekken 3, béèyàn bá ti gbá a tó, aṣọ mìíràn á ṣí sílẹ̀ fún un lọ́fẹ̀ẹ́. Lóde òní, wọ́n ń ta ọ̀pọ̀ aṣọ lọ́tọ̀, owó gidi sì ni. Àwọn tó ń gbá Tekken lórí kọ̀ǹpútà ò dúró de ẹnikẹ́ni, wọ́n ń bọ́ aṣọ ilé iṣẹ́ kúrò, wọ́n ń fi èyí táwọn fúnra wọn yà sí i. Overwatch ò rí bẹ́ẹ̀. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń gbá a, Blizzard ò sì gbà kẹ́nikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ohun tí wọ́n bá rán fún Àkàndé ní California náà ló ń wọ̀ jáde.