ÌWÉ ÌRÒYÌN Ọ̀FẸ́ L'ÁLÁGBÀKÁ: TA LÓ SANWÓ Ẹ̀?

Bí ọdún bá ti ń lọ sópin, tí ọyẹ́ ti mú ètè gbogbo èèyàn gbẹ, ẹ lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì l'Álágbàká, l'Àkúrẹ́, ní àárọ̀ kùtù. Ibẹ̀ ni ọ́fíìsì gómìnà wà, ibẹ̀ náà ni sẹkitéríàtì àti ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wà. Ẹ ó rí fẹ́ńdọ̀ tó ń tẹ́ ìwé ìròyìn sórí tábìlì, tó ń fi òkúta lé e kí afẹ́fẹ́ má gbé e lọ. Kò ní pẹ́ tí wọn ó fi rọ̀gbà yí i ká: akọ̀wé ìjọba tí kò tíì wọ ọ́fíìsì, ọlọ́kadà tó ń dúró de èrò, télọ̀, àti ọmọọ̀ṣẹ́ mẹkáníìkì tí ọwọ́ ẹ̀ dúdú fún ọ́ìlì, tí wọ́n ti kìlọ̀ fún pé kó má fọwọ́ kan nǹkan kan. Ojú ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́, owó ò jáde lápò.

"Free readers" ni wọ́n ń pè wọ́n káàkiri Nàìjíríà. Ẹgbẹ́ ni, ṣùgbọ́n kò ní alága, kò ní akápò. Wọn a ka àkọlé, wọn a jiyàn òṣèlú, wọn a jiyàn bọ́ọ̀lù, oníkálukú a bá tiẹ̀ lọ. Fẹ́ńdọ̀ mìíràn a tilẹ̀ máa gba owó kékeré lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ kà á tán kó sì dá a padà. Lóòótọ́, fóònù ti gba púpọ̀ nínú wọn, ṣùgbọ́n ìdúró nídìí fẹ́ńdọ̀ kò tíì parẹ́.

Lóṣù Kejìlá, ojú ewé kan wà tí wọ́n máa ń wá: èyí tí ìwé ìròyìn fi ń wẹ̀yìn wo bí ọdún ṣe lọ. Ta ló kú? Ta ló joyè? Ta ló ṣubú?

ÈYÍ TÓ Ń DÉ ỌJÀ

Ìyá tó jókòó ti ọjà ẹ̀ l'Ọ́jà Ọba láti àárọ̀ kò ní àyè à ń lọ dúró nídìí fẹ́ńdọ̀. Ọ̀nà mìíràn ni ìwé ìròyìn ọ̀fẹ́ tiẹ̀ ń gbà dé: àkàrà ni wọ́n pọ́n sínú ẹ̀. Èyí tí kò tà àti èyí tí wọ́n ti kà tán, orí òṣùwọ̀n ni wọ́n ń gbé e sí, wọ́n á tà á fún alákàrà, ẹlẹ́pà àti onísúyà. Ẹni tó bá jẹ àkàrà tán, tó wá tẹ́ bébà náà wò, ó lè bá gómìnà tó ti fipò sílẹ̀ tipẹ́ níbẹ̀, tó ń rẹ́rìn-ín, tí epo ti gba gbogbo ojú ẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìròyìn tó ti kú ni.

Ẹ̀kẹta ló yẹ kí a fojú sí jù. Bí ọdún bá ti ń parí ni kàlẹ́ńdà àti ìwé pélébé máa ń ya wọ ọjà. Olóṣèlú ń pín in, kọngílá ń pín in, ilé ìwé àti ilé ìjọsìn náà ń pín in. Ẹ ó rí ọ̀gá nínú agbádá, ẹ ó rí títì tí wọ́n ṣe, ẹ ó rí ẹ̀rọ omi, ẹ ó rí àpò ìrẹsì tí wọ́n fún àwọn opó. Wọ́n kọ gbogbo ohun rere tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún náà síbẹ̀, wọn ò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

KÒ SÍ ÈYÍ TÍ ẸNÌ KAN Ò SANWÓ Ẹ̀

Bébà kì í ṣe ewé tí a ń já lóko. Tàdáwà, iná, ẹ̀rọ, owó ọkọ̀, gbogbo ẹ̀ lówó ń bẹ nínú ẹ̀. Bí ẹni tó ń kà á kò bá sanwó, a jẹ́ pé ẹlòmíì ti san án. Ọwọ́ ẹni tó ń fúnni ló sì máa ń wà lókè.

Nígbà tí Henry Townsend dá Ìwé Ìròyìn sílẹ̀ l'Ábẹ́òkúta ní 1859, owó ẹyọ ni àwọn bàbá wa fi ń rà á. Nígbà tí Aláròyé bẹ̀rẹ̀ sí jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ní 1996, owó lọ́wọ́, ìwé lọ́wọ́ ni. Ẹni tó ra nǹkan lẹ́nu láti bínú bí kò bá dára.

Òkè òkun náà ti gbìyànjú ọ̀fẹ́. Ní 1995, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìwé ìròyìn kan tó ń jẹ́ Metro ní Stockholm, ní orílẹ̀-èdè Sweden, wọ́n ń kó o sí ibùdókọ̀ ojú irin kí èrò máa mú un lọ́fẹ̀ẹ́. Ní 1999, òmíràn tó jẹ́ orúkọ kan náà bẹ̀rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tó di 2009, Evening Standard tí wọ́n ti ń tà láti ayé àwọn bàbá bàbá wọn náà di ọ̀fẹ́. Àwọn tó ń polówó ọjà ló ń sanwó. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí àrùn kòrónà ti lé òṣìṣẹ́ wọlé, tí ọ̀pọ̀ wọn kò wọkọ̀ ojoojúmọ́ mọ́, owó ìpolówó dínkù. Ní 2024, Evening Standard kò jáde lójoojúmọ́ mọ́, ó di ti ọ̀sẹ̀. Ẹni tó ń sanwó ló dẹwọ́, ni ìwé bá dákẹ́.

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà mọ ọ̀rọ̀ yìí ju ẹnikẹ́ni lọ. Alájọ ń bọ̀ ní ìsọ̀ yín lójoojúmọ́, ó ń fàmì sí káàdì, bí oṣù bá sì parí, á mú owó ọjọ́ kan gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ẹ̀. Ẹ mọ iye tó mú, ẹ mọ ìdí tó fi mú un. Bí alájọ mìíràn bá dé lọ́la, tó ní òun ò ní í mú nǹkan kan, ṣé ẹ ó fún un lówó?

OṢÙ KEJÌLÁ TÓ BA ÌṢÍRÒ JẸ́

Ewu mìíràn ni pé àwọn tó ń ṣírò ọdún máa ń yára jù. Ìpínlẹ̀ Oǹdó ti rí i lẹ́ẹ̀mejì.

Ní oṣù Kẹjọ 1983, wọ́n kéde pé Akin Ọmọbóríowó ti ẹgbẹ́ NPN ló wọlé ìbò gómìnà, pé ó na Adékúnlé Ajáṣin ti UPN. Àkúrẹ́ gbiná. Wọ́n sun ilé, wọ́n pa èèyàn. Ọláìyá Fágbàmígbé, òǹtẹ̀wé l'Àkúrẹ́, wà lára àwọn tó bá ogun náà lọ. Lẹ́yìn náà, ilé ẹjọ́ dá ipò padà fún Ajáṣin. Ẹni tó bá ṣírò ọdún yẹn lọ́sẹ̀ Kérésìmesì, á ní ìjà ti parí, Ajáṣin ti borí. Àfi bó ṣe di ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá, ológun gbàjọba. Ẹni tó wọlé àti ẹni tí kò wọlé, gbogbo wọn di ará ilé.

Ogójì ọdún lẹ́yìn ìyẹn, ní ọjọ́ 27 oṣù Kejìlá 2023, Gómìnà Rótìmí Akérédolú jáde láyé lẹ́yìn àìsàn. Ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n búra fún igbákejì ẹ̀, Lucky Ayédatiwa. Kàlẹ́ńdà yòówù tí wọ́n bá ti tẹ̀ ṣáájú ọjọ́ náà, kó tó dé ọjà ló ti di ti àná. Bí òní ṣe rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, òun ló mú kí babaláwo máa dÍfá ọrọọrún.

ỌDÚN TA NI WỌ́N Ń ṢÍRÒ?

Ẹ jẹ́ ká mú 2023 yẹn kan náà. Lọ́dọ̀ ìyá ọlọ́jà, kì í ṣe gómìnà ló bẹ̀rẹ̀ ọdún. Owó ni. Báńkì Àpapọ̀ pààrọ̀ náírà, owó tuntun kò dé, wọ́n ní ti àtijọ́ kò níí ná mọ́. Tòmátò ń jẹrà lórí àtẹ, oníbàárà ní owó ní báńkì, kò ní lọ́wọ́. Ọjọ́ 3 oṣù Kẹta ni Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ tó ní kí wọ́n ṣì máa ná owó àtijọ́. Ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún, ìjọba tuntun ní kò sí owó ìrànwọ́ lórí epo mọ́. Lítà kan tó wà ní nǹkan bíi ₦190 fò kọjá ₦500, kí ọdún tó parí ó ti lé ní ₦600. Owó ọkọ̀ gun òkè, owó oúnjẹ tẹ̀lé e. Ọdún tí ọlọ́jà rí nìyẹn. Mélòó nínú ìwé pélébé ọ̀fẹ́ ló kọ ọ́ bẹ́ẹ̀?

Nítorí náà, bí wọ́n bá fi ìwé ọ̀fẹ́ lé e yín lọ́wọ́ lọ́dún yìí, ẹ gbà á, ẹ dúpẹ́, ẹ sì bi í ní ìbéèrè mẹ́ta. Ta ló sanwó ẹ̀? Ọjọ́ wo ni wọ́n kọ ọ́ tán? Kí ni wọn ò kọ sí i?

Ẹ má sì ju kàlẹ́ńdà náà nù. Ẹ yí ẹ̀yìn ẹ̀ padà. Lóṣooṣù, ẹ kọ iye tí kóńgò gàrí jẹ́ síbẹ̀, ẹ kọ owó ìsọ̀, owó ilé ìwé àwọn ọmọ, ẹni tó bímọ àti ẹni tó lọ. Bí ẹ kò bá mọ̀wé kọ, ọmọ ilé ìwé wà nílé. Bí oṣù Kejìlá mìíràn bá dé, tí wọ́n tún kó tiwọn wá, ẹ gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ẹ wá mọ èyí tó jọ ọdún tí ojú yín rí.

Ẹni tó bá rí i pé méjèèjì ò bára mu, abala lẹ́tà ń bẹ. Òun náà ò gbowó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n òǹkàwé ló ń kọ ọ́.