Ọmọ Ọ́ísítà Kì Í Ṣe Ewé Lójú Omi

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ àṣìṣe kan. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣe àwòṣe ìrìn àwọn ọmọ ọ́ísítà lórí kọ̀ǹpútà, gbogbo wọn ló bá omi lọ sí òkun. Ẹyọ kan ò ṣẹ́ kù! Mo rò pé kóòdù mi ló bàjẹ́. Àṣé mo ti sọ wọ́n di ewé tó ń léfòó ni.

Ọ́ísítà jẹ́ ẹran omi oníkarahun méjì tó máa ń lẹ̀ mọ́ ojú kan títí ayé rẹ̀. Ìgbà èwe nìkan ló ń rìn. Kò tó ìdajì mìlímítà nígbà náà, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 2 sí 3 ló sì fi ń bá omi kiri. Lẹ́yìn náà, ó gbọ́dọ̀ rí ohun líle lẹ̀ mọ́, pàápàá ìkarahun ọ́ísítà mìíràn. Bí kò bá rí i, ó kú nìyẹn.

Ẹ wo Chesapeake ní Amẹ́ríkà, níbi tí omi odò Susquehanna àti omi òkun Atlantic ti ń pàdé. Omi òkun ń kún, ó ń fà, ṣùgbọ́n tí a bá ṣírò rẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, omi odò tó fúyẹ́ ń gba òkè jáde, omi iyọ̀ tó wúwo ń gba ìsàlẹ̀ wọlé. Ó dà bíi danfó méjì: ọ̀kan ń jáde nílùú, ọ̀kan ń wọlé.

Ká ní ọmọ ọ́ísítà ń lúwẹ̀ẹ́ mìlímítà 1 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Kò lè bá ìṣàn omi jà rárá. Ṣùgbọ́n ní wákàtí 1, ó lè sọ̀kalẹ̀ mítà 3.6. Tí a bá pín in dọ́gba, jíjìn Chesapeake jẹ́ nǹkan bíi mítà 6.5. Kò ní tó wákàtí 2 tó fi máa pààrọ̀ ọkọ̀!

Nínú àwòṣe, a máa ń pín omi sí àpótí kéékèèké, kálukú pẹ̀lú ìyára omi tirẹ̀. Ní ìṣẹ́jú díẹ̀ díẹ̀, kọ̀ǹpútà á sún ọmọ kọ̀ọ̀kan, á fi ìrúkèrúdò omi kún un, á tún fi ìlúwẹ̀ẹ́ rẹ̀ kún un. Àwọn tó ti dàgbà díẹ̀ máa ń wà nísàlẹ̀ ju àwọn kékeré lọ. Lọ́dún 2008, Elizabeth North àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Maryland fi irú ọ́ísítà méjì wéra báyìí. Omi kan náà ni, ṣùgbọ́n ìlúwẹ̀ẹ́ wọn yàtọ̀, ibi tí wọ́n gúnlẹ̀ sí náà sì yàtọ̀.

Kí ló kàn wá níbẹ̀? Ìpajù àti àìsàn ti run ọ̀pọ̀ ọ́ísítà Chesapeake, àwọn èèyàn sì ń da ìkarahun sómi kí àwọn ọmọ lè rílé. Tí àwòṣe bá purọ́, ibi tí ọmọ kankan ò ní dé la máa da ìkarahun sí. Owó ti bómi lọ nìyẹn.

Mo ti fi ìlúwẹ̀ẹ́ sínú kóòdù mi. Lọ́tẹ̀ yìí, àwọn kan délé.