Adelé: Ọmọ Ọba Obìnrin Tí Wọn Kò Ní Fi Jọba

Nígbà tí Déjì Àkúrẹ́, Ọba Adébíyìí Adésidà, wàjà ní ọdún 2013, ọmọ rẹ̀ obìnrin, Adétutù, ni wọ́n fi ṣe adelé. Òun ló sì di ààfin mú títí Ọba Aládétóyìnbó Aládélúsì fi gorí ìtẹ́ ní 2015.

Bẹ́ẹ̀ ni ìṣe ọ̀pọ̀ ìlú ní agbègbè Oǹdó àti Èkìtì. Adelé á bọ́ ìró àti bùbá sílẹ̀, á wọ agbádá àti ṣòkòtò, á dé fìlà ìlẹ̀kẹ̀, iyùn á sì kún ọrùn àti ọwọ́ rẹ̀. Àwọn ìjòyè tó tó bàbá rẹ̀ í bí á máa kí i ní Kábíyèsí, òun náà kò sì ní kúnlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni mọ́. Ó ń parí ìjà ilẹ̀, ó ń bá ìjòyè ṣèpàdé, ó ń gba àlejò ìjọba. Bó bá ti lọ́kọ, àwọn ìlú kan kì í jẹ́ kó gbé lọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀ lásìkò náà. Ta ni yóò pe Kábíyèsí níyàwó?

Kí ló dé tó fi jẹ́ obìnrin? Bó bá jẹ́ ọkùnrin ni wọ́n fi síbẹ̀, àga lè dùn mọ́ ọn, kó ní òun ò dìde mọ́. Ọmọbìnrin kò sí nínú àwọn tí oyè kàn, ọkàn àwọn afọbajẹ sì balẹ̀. Ohun tí kò jẹ́ kó lè jọba gan-an ló sọ ọ́ di ẹni tó yẹ ní adelé. Lójú tèmi, ọgbọ́n àwọn àgbà nìyẹn, ṣùgbọ́n ìrẹ́jẹ wà nínú rẹ̀.

Obìnrin kò ṣàìjọba rí. Ìtàn Ifẹ̀ ka Lúwòó mọ́ àwọn Ọọ̀ni, òun ni wọ́n ní ó fi àpáàdì tẹ́ ojú ọ̀nà ìlú. Ọmọ rẹ̀, Adékọ́lá Télù, ni wọ́n ní ìdílé ọba Ìwó ti ṣẹ̀. Ọ̀nà ìyá ni adé Olúwòó gbà wá, ká máa rántí. Ọ̀yọ́ ní Ọ̀rọ̀mpọ̀tọ̀ nígbà tí ààfin wà ní Ìgbòho. Obìnrin méjì wà lára àwọn Déjì àtijọ́ tí Àkúrẹ́ ń kà.

Ní ti dúkìá, láti 1924, nínú ẹjọ́ Lopez àti Lopez, ni kóòtù ti sọ pé ẹ̀tọ́ ọmọbìnrin Yorùbá sí ogún ẹbí dọ́gba pẹ̀lú ti ọmọkùnrin. Oyè ni kò rí bẹ́ẹ̀. Òfin oyè tí ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ṣe ní 1957 ní kí wọ́n kọ ìlànà ìfọbajẹ sílẹ̀, ọ̀pọ̀ ìlú sì kọ ọ́ pé ìran ọkùnrin nìkan. Àwọn díẹ̀ fi kún un pé bí ọkùnrin bá wọ́n, wọ́n lè wo ìran obìnrin. Ìwé náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ Ifá. Òfin yẹn kan náà fàyè gba àtúnṣe rẹ̀.