Ọkọ̀ ń jò, tàbí omi ń kán?

Ọ̀rọ̀ Faransé kan wà tí ọ̀pọ̀ nínú wa kì í bá pàdé ní kíláàsì: presse-étoupe. Étoupe ni fọ́nrán ọ̀gbọ̀. Presser ni kí a tẹ nǹkan kó fún. Orúkọ náà ti sọ iṣẹ́ rẹ̀ tán.

Ọkọ̀ ojú omi tí ẹ̀rọ rẹ̀ wà nínú ikùn rẹ̀ ní ọ̀pá irin gígùn kan tó gba inú ihò jáde sábẹ́ omi láti yí hélice, ìyẹn abẹ̀bẹ̀ irin tó ń ti ọkọ̀ síwájú. (Àwọn ọkọ̀ tí a gbé ẹ̀rọ kọ́ sí ní ìdí, irú èyí tí a ń rí lórí ọ̀sà Nokoué, bọ́ nínú wàhálà yìí.) Ọ̀pá náà gbọ́dọ̀ máa yí, òkun kò sì gbọ́dọ̀ bá ibẹ̀ wọlé. Nítorí náà ni wọ́n ṣe fi ife irin kan yí ọ̀pá náà ká, tí wọ́n wé okùn ọ̀gbọ̀ tí a ti fi ọ̀rá tàbí ìda rẹ sínú rẹ̀, bí òrùka 3 tàbí 4. Nọ́ọ̀tì ńlá kan ló ń tẹ àwọn òrùka náà pọ̀ kí wọ́n lè di ọ̀pá mú.

Ìṣòro máa ń dé lẹ́yìn tí wọ́n bá tú inverseur, ìyẹn àpótí jíà ọkọ̀, fún àtúnṣe, tí wọ́n sì dá a padà. Tẹ́lẹ̀, ibẹ̀ gbẹ. Wọ́n dá a padà tán, omi ń wọlé. Ọ̀pọ̀ á mú sípánà, wọ́n á fún nọ́ọ̀tì náà le. Omi á dúró fún ọjọ́ díẹ̀.

Ibí yìí ni èdè wa ti wúlò. Omi lè sun, ó lè kán, ó lè jò, ó lè ṣàn, wọn kì í sì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹ wo olùwà gbólóhùn: a ń sọ pé omi ń jò, a sì ń sọ pé ọkọ̀ ń jò. Ṣùgbọ́n ta ló ń sọ pé ọkọ̀ ń kán? Omi nìkan ló ń kán. Faransé kò yà wọ́n sọ́tọ̀ báyìí: le robinet fuit, le robinet goutte, robinet ni olùwà nínú méjèèjì. Lójú tèmi, Yorùbá ti bá mẹkáníìkì ṣe ìdajì iṣẹ́, nítorí kán kò dá ọkọ̀ lẹ́bi.

Ó sì yẹ kí omi kán níbẹ̀. Bí ọ̀pá bá ń yí, ẹ̀kán bíi 2 sí 6 nínú ìṣẹ́jú kan dára. Bí ó bá dúró, kí ẹ̀kán náà dúró tàbí kó kù díẹ̀ kó dúró. Omi yìí ló ń mú ọ̀pá àti okùn tutù. Bí a bá fún nọ́ọ̀tì títí ẹ̀kán fi tán, okùn á gbẹ, á jóná, á sì máa jẹ irin ọ̀pá náà. Ọ̀pá tó bá ti ní kòtò lára, okùn tuntun kò ràn án. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń jò lóòótọ́, pọ́ǹpù á máa fa omi ní gbogbo òru títí bátìrì yóò fi kú, ọkọ̀ á sì rì síbi tí wọ́n so ó mọ́.

Kí ló dé tó fi jẹ́ ẹ̀yìn àtúnṣe inverseur ló bẹ̀rẹ̀? Ẹ má wo okùn nìkan. Àwo irin 2 ló so inverseur pọ̀ mọ́ ọ̀pá. Bí wọn kò bá dojú kọ ara wọn géérégé, ọ̀pá á máa jó bó ti ń yí, á sì máa fẹ ihò òrùka okùn lójú. Kí a tú àwọn bóòtù, kí a fi ọwọ́ mú àwo méjèèjì kanra, kí a sì ki jauge d'épaisseur, irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a fi ń wọn àlàfo, sí àárín wọn lókè, nísàlẹ̀, lọ́tùn-ún àti lósì. Fún àwo tó fẹ̀ tó mìlímítà 100, ìyàtọ̀ kò gbọ́dọ̀ ju mìlímítà 0,1 lọ. Ẹsẹ̀ ẹ̀rọ ni a ń gbé sókè tàbí sísàlẹ̀ láti tún un ṣe. Inú omi ni kí a ti ṣe ìwọ̀n ìkẹyìn, nítorí ara ọkọ̀ máa ń yí padà díẹ̀ bó bá kúrò lórí ilẹ̀.

Okùn náà lè ní ẹ̀bi tirẹ̀. Kí inverseur tó lè jáde, wọ́n ní láti ti ọ̀pá sẹ́yìn. Ibi tó ti dógùn-ún lára rẹ̀ lè gba inú òrùka kọjá kó sì fà wọ́n ya. Kí a yọ gbogbo wọn. A kì í fi tuntun lé ògbólógbòó. Kí a gé tuntun ní ẹ̀gẹ́ẹ́rẹ́, kí ojú ìpàdé wọn má sì tò léra. Orí ilẹ̀ ló yẹ kí a ti ṣe èyí, torí bí nọ́ọ̀tì bá kúrò, òkun ń bọ̀.

Àwọn ọkọ̀ mìíràn ń lo joint tournant dípò okùn: rọ́bà kan ló ń ti ojú méjì tó ń dán mọ́ra. Bí wọ́n bá ti ọ̀pá sẹ́yìn, agbára rọ́bà náà lè yí padà, a sì gbọ́dọ̀ tún un tẹ̀ bó ti yẹ. Níbẹ̀, kò yẹ kí omi kán rárá. Kán ti di jò.

Bí okùn bá sì ni, kí a wa ọkọ̀ fún ìwọ̀n ààbọ̀ wákàtí, kí a pa ẹ̀rọ, kí a fọwọ́ kan ife irin náà. Bó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó dára. Bí ọwọ́ kò bá lè gbà á, kí a dẹ nọ́ọ̀tì díẹ̀díẹ̀ títí ẹ̀kán yóò fi padà.