Adéoyè Lámbò, Ọmọ Ẹ̀gbá Tí Ó Fi Abúlé Ṣe Ilé Ìwòsàn

Wèrè dùn-ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ: báyìí ni àwọn bàbá wa wí, ẹni tí irú àìsàn yìí bá sì ti wọ agboolé rẹ̀ rí mọ̀ pé kò sí àsọdùn nínú ọ̀rọ̀ náà. Ní nǹkan bí àádọ́rin ọdún sẹ́yìn, bí orí ọmọ Ẹ̀gbá kan bá dàrú, ọ̀nà méjì ni ó sábà máa ń wà níwájú àwọn ẹbí rẹ̀: yálà kí wọ́n mú un lọ sí ilé oníṣègùn, níbi tí wọ́n ti lè fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè é mọ́lẹ̀ kí ó má baà sá wọ igbó, tàbí kí wọ́n fà á lé ìjọba lọ́wọ́ ní Lántòrò, ọgbà ẹ̀wọ̀n àtijọ́ tí wọ́n sọ di ibùdó alárùn ọpọlọ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, nítorí àwọn ọmọ ogun tí ojú ogun da ọpọlọ wọn rú.

Ẹni tí ó la ọ̀nà kẹta ni Thomas Adéoyè Lámbò, ọmọ Lísàbí, ọmọ abẹ́ Olúmọ, tí a bí ní Abẹ́òkúta ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta ọdún 1923, tí ó kàwé ní Baptist Boys' High School, tí ó sì ré òkun kọjá lọ kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn ní Yunifásítì Birmingham. Bí a bá ń ka orúkọ àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ tí wọ́n tún ayé ṣe, àwọn tí wọ́n ṣe ẹ̀rọ àti àwọn tí wọ́n rí oògùn ni ẹnu wa máa ń tètè dá lé. Èmi ka Lámbò mọ́ wọn, mo sì ní ìdí.

Ní ọdún 1954 tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Aro ní Abẹ́òkúta, ilé ìwòsàn ńlá tí ìjọba ń kọ́ síbẹ̀ kò tíì parí. Ẹlòmíràn ìbá jókòó de àwọn bíríkìlà. Lámbò tọ àwọn àgbààgbà abúlé tí ó yí ibẹ̀ ká lọ, ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gba àwọn aláìsàn sílé gẹ́gẹ́ bí ayálégbé, lábẹ́ àdéhùn kan tí kò gbọdọ̀ yẹ̀: aláìsàn kò ní dá wá, ìyá rẹ̀ ni o, aya rẹ̀ ni o, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni o, ìbátan kan gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e, kí ó máa se oúnjẹ fún un, kí ó máa fọ aṣọ rẹ̀, kí ó sì máa mú un lọ gba ìtọ́jú. Ní òwúrọ̀, àwọn aláìsàn á lọ sí Aro, wọ́n á gba oògùn tuntun bíi chlorpromazine, èyí tí àwọn ará Faransé ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé jáde, àwọn mìíràn á sì gba ìtọ́jú oníná mọ̀nàmọ́ná. Bí ó bá di ọ̀sán, wọ́n á padà sáàárín àwọn tí ń kọ ebè, tí ń ta ayò, tí ń sọmọ lórúkọ, wọ́n á sì bá wọn ṣe èyí tí agbára wọn bá ká. Àwọn onílé náà kò pàdánù: wọ́n rí owó ilé gbà, wọ́n rí owó yá láti fi kún yàrá wọn, wọ́n rí omi ẹ̀rọ àti ṣáláńgá.

Ọgbọ́n tí ó wà nídìí ètò yìí jinlẹ̀. Ẹni tí a bá tì mọ́lé fún ọdún bíi mélòó kan yóò gbàgbé bí a ti ń bá ènìyàn gbé, ó lè jẹ́ pé ọjọ́ tí a dá a sílẹ̀ ni ìyọnu rẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń kí aládùúgbò rẹ̀ láràárọ̀ kò jìnnà sí ilé rí, ìbátan tí ó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ sì ti mọ àmì àìsàn àti ìlò oògùn kí wọ́n tó padà sí ìlú wọn. Ènìyàn ni aṣọ mi, Yorùbá ló sọ bẹ́ẹ̀. Ní ìlú Geel ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, àwọn ará ìlú ti ń gba alárùn ọpọlọ sílé láti ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún sẹ́yìn, ṣùgbọ́n àlejò tí ń gbé lọ́dọ̀ àjèjì ni aláìsàn ibẹ̀. Ti Aro mú ẹbí rẹ̀ dání.

Lámbò kò sì kọ àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, ni ọwọ́ fi ń mọ́: ó pè wọ́n mọ́ra, ó gba ìmọ̀ wọn lórí ohun tí aláìsàn gbàgbọ́ pé ó ń bá òun jà. Raymond Prince, dókítà ará Kánádà tí ó bá a ṣiṣẹ́ ní Aro, kọ̀wé ní ọdún 1960 nípa bí àwọn oníṣègùn wa ti ń tọ́jú àsínwín pẹ̀lú asofẹ́yẹjẹ, igi tí ó jẹ́ ìbátan èyí tí wọ́n ti ara rẹ̀ yọ oògùn reserpine ní ọdún 1952.

Kì í ṣe àìsàn nìkan ni Lámbò bá jà. Ní ọdún 1953, Àjọ Ìlera Àgbáyé fúnra rẹ̀ tẹ ìwé J. C. Carothers jáde, dókítà tí ó ti ṣiṣẹ́ ní Kẹ́ńyà, tí ó fi ọpọlọ ènìyàn dúdú wé ti òyìnbó tí wọ́n ti fi iṣẹ́ abẹ ba apá iwájú ọpọlọ rẹ̀ jẹ́. Ọ̀rọ̀ burúkú ni, orúkọ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ sì ni wọ́n fi bò ó. Ìwádìí ni Lámbò fi dá a lóhùn: òun àti Alexander Leighton ti Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà kó àwọn òṣìṣẹ́ wọn wọ ìlú àti abúlé Ẹ̀gbá, wọ́n bi àwọn ènìyàn léèrè ọ̀rọ̀, wọ́n fi èsì rẹ̀ wé ti àwọn ará Kánádà, ìwé wọn tí ó jáde ní 1963 sì fi hàn pé àìsàn ọpọlọ tí ń ṣe wọ́n lọ́hùn-ún náà ni ó ń ṣe wá níhìn-ín. Ṣáájú èyí, ní 1961, àwọn dókítà ọpọlọ ti péjọ sí Abẹ́òkúta fún ìpàdé àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní gbogbo Áfíríkà. Nígbà tí ó di ọdún 1973, àjọ tí ó tẹ ìwé Carothers fi Lámbò ṣe igbákejì ọ̀gá àgbà rẹ̀, ipò tí kò kúrò níbẹ̀ títí di 1988.

Ẹ̀rí tí ó wú mi lórí jù lọ ti Ìbàdàn wá. Àjọ Ìlera Àgbáyé tọ ipasẹ̀ àwọn tí wọ́n ní àìsàn schizophrenia ní ìlú mẹ́sàn-án, láti London àti Moscow dé Ìbàdàn, àwọn ti Ìbàdàn àti ti Agra ní Íńdíà sì wà lára àwọn tí ara wọn yá jù, wọ́n sàn ju àwọn ti ilẹ̀ ọlọ́rọ̀ lọ. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí ohun tí ó fà á, ṣùgbọ́n ẹbí wà lára ohun tí ọ̀pọ̀ wọn tọ́ka sí.

Lámbò papò dà ní oṣù kẹta ọdún 2004. Òfin tí àwọn òyìnbó fi lélẹ̀ lórí àwọn alárùn ọpọlọ ni a ń lò títí di oṣù kìíní ọdún 2023, nígbà tí Ààrẹ Bùhárí buwọ́ lu tuntun. Ní 2019, àjọ Human Rights Watch ṣì bá àwọn alárùn ọpọlọ nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ káàkiri Nàìjíríà. Ó dùn mí púpọ̀, nítorí abúlé kò tíì tán ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá, ìyá tí yóò tẹ̀ lé ọmọ rẹ̀ lọ sí Aro kò sì wọ́n; ìjọba tí yóò tún gbé irú ètò ti 1954 dìde ni a ń retí.